Kì í Ṣe Wèrè Ló Ń Ṣe Ọkùnrin Yẹn

Gbólóhùn kan wọ orí fóònù mi láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, kò sì tíì jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ kì í ṣe jàǹdùkú rárá. Àgbàlagbà kan ni ní àdúgbò wa ní Gáà-Àkáńbí, ní Ìlọrin níbí, ọ̀gá tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Bàbá. A ti sọ̀rọ̀ owó ọdẹ tán lórí WhatsApp ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù, ilẹ̀ ti ṣú, àfi bí Bàbá ṣe fi fọ́ìsì ránṣẹ́: "Ẹ má tan ara yín jẹ o. Àwọn èèyàn yìí ń pọ̀ jù wá lọ ni. Ọmọ ni wọ́n fi ń jagun. Tó bá ṣe díẹ̀ sí i, ìlú á bọ́ lọ́wọ́ wa, àwọn olóṣèlú wa gan-an ló sì ń ṣílẹ̀kùn fún wọn."

Mi ò ní sọ àwọn tí Bàbá ń pè ní "àwọn èèyàn yìí." Bí mo bá sọ ọ́, ìdajì àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí á gbà pé àwọn kọ́ ni mò ń bá wí. Mo sì mọ̀ dájú pé ní ọ̀dọ̀ àwọn yẹn náà, ẹnì kan wà tó ń fi irú fọ́ìsì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ nípa tiwa.

Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé mo ti ka gbólóhùn yẹn rí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Èrò tí Anders Behring Breivik kọ sínú ìwé tó ju ojú ewé 1,500 lọ nìyẹn, tó sì fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì ímeèlì tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ní ọ̀sán 22 oṣù Keje 2011, kó tó jáde lọ pa èèyàn 77 ní orílẹ̀-èdè Nọ́ọ̀wè. Ó ní àwọn Mùsùlùmí ń fi ọmọ bíbí gba ilẹ̀ Yúróòpù, pé àwọn olóṣèlú ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ tó ń ṣèjọba ló ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Àwa tí a wà ní Kúwárà kì í ṣe àjèjì sí ìró ìbọn. Ọ̀fà gbọ́ ọ ní 5 oṣù Kẹrin 2018, ọjọ́ tí àwọn adigunjalè ya wọ àwọn báǹkì wọn. Erúkú gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní oṣù Kọkànlá 2025. Ṣùgbọ́n owó ni àwọn yẹn ń wá, ibi tí olówó bá sì wà ni olè ń lọ. Ẹni tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èrò ló gbé ìbọn lé e lọ́wọ́, mo sì fẹ́ ká wo èrò náà dáadáa.

Ọkùnrin tó wọ aṣọ ọlọ́pàá

Ẹni tó bá ní wèrè ni Breivik, kí ó kọ́kọ́ wo bí ọkùnrin náà ṣe rìn ín. Ó gba ilẹ̀ oko, ó dá iléeṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ lórí ìwé kí wọ́n lè ta ajílẹ̀ tọ́ọ̀nù mẹ́fà fún un láìbéèrè ọ̀rọ̀. Ó forúkọ sílẹ̀ ní ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ìbọn ìléwọ́ ṣeré ìdárayá, ó gba ìwé àṣẹ ọdẹ, ìbọn méjèèjì tó fi pààyàn sì wà lábẹ́ òfin. Ọdún bíi mélòó kan ni ó fi ṣètò rẹ̀, kò sí ẹni tó fura nínú ilé, kò sí ẹni tó fura lóde.

Ní agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú 25 ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, bọ́m̀bù tó gbé sínú ọkọ̀ dún níwájú ọ́fíìsì olórí ìjọba ní Oslo. Èèyàn mẹ́jọ kú. Ìlú dàrú. Àwọn onímọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n ti ń sọ pé iṣẹ́ àwọn Mùsùlùmí ni, wọ́n sì bú àwọn àlejò kan ní gbangba lójú títì Oslo lọ́jọ́ yẹn nítorí àwọ̀ ara wọn. Ẹni tó ṣiṣẹ́ náà ti wà lójú ọ̀nà lọ sí Utøya.

Erékùṣù kékeré kan ni Utøya, nínú adágún omi tí kò jìnnà sí Oslo. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ ló ni ín, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàgọ́ lọ́dọọdún láti kọ́ nípa òṣèlú, láti ṣeré, láti mọ ara wọn. Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn lé ní 500. Ọkùnrin náà dé etí omi nínú aṣọ ọlọ́pàá. Ó ní láti Oslo ni òun ti wá, pé nítorí bọ́m̀bù tó dún ni wọ́n ṣe ní kí òun wá ṣọ́ àwọn ọmọ.

Ibí yìí ni mi ò lè kọjá nígbàkígbà tí mo bá ń kà á. Ìyá kan wà tó ti ń bójú tó erékùṣù náà fún nǹkan bí ogún ọdún, "Ìyá Utøya" ni àwọn ọmọ ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló wọkọ̀ ojú omi wá pàdé ọlọ́pàá yìí létí omi, tó mú un kọjá. Ọkọ̀ náà gbé e, ó gbé àpótí rẹ̀ tó wúwo. Kí lẹ fẹ́ kí obìnrin náà ṣe? Bọ́m̀bù ti dún nígboro, àwọn ọmọ ọlọ́mọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọlọ́pàá wá ní òun fẹ́ dáàbò bò wọ́n. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá ń tọ́jú ọmọ á sọ pé káàbọ̀. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, ọlọ́pàá gidi kan tó wà ní ìsinmi, tó ń bá wọn ṣọ́ àgọ́, bẹ̀rẹ̀ sí bi í ní ìbéèrè. Òun àti Ìyá Utøya ni ó kọ́kọ́ pa.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń pe àwọn ọmọ. Àwọn tó sá pamọ́ sí ìdí òkúta rí aṣọ ọlọ́pàá, wọ́n jáde sí i. Àwọn tó bẹ́ sínú omi, ó ń yìnbọn tẹ̀ lé wọn. Ó lé ní wákàtí kan kí ọlọ́pàá tòótọ́ tó dé. Èèyàn 69 ló kú nínú ìṣẹ̀lẹ̀ erékùṣù yẹn, àwọn tó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 14. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò bá wọn jà. Ó gbé ìbọn sílẹ̀, ó sì fara rẹ̀ fún wọn.

Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú kò lè mọ ohun tí ìyá ọlọ́mọ á rò nígbà tó bá rí aṣọ ọlọ́pàá. Ọkùnrin yìí mọ̀ ọ́n, ó sì gbé ètò rẹ̀ lé e lórí.

Ohun tí dókítà pè ní àìsàn

Àwọn dókítà méjì tí ilé ẹjọ́ kọ́kọ́ rán lọ yẹ̀ ẹ́ wò kọ̀wé ní ìparí ọdún 2011 pé àárẹ̀ ọpọlọ ló ń ṣe é. Wọ́n ní ó ń sọ pé ogun ti ń lọ ní Yúróòpù nígbà tí kò sí ogun, pé ó gbà pé òun ló ní àṣẹ ẹni tó yẹ kó wà láàyè, pé ó ń lo àwọn ọ̀rọ̀ kan tí kò yé ẹnikẹ́ni. Lójú wọn, àmì àìsàn ni gbogbo rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọsibítù ni wọ́n máa gbé e lọ, kò ní sí ẹ̀wọ̀n.

Ariwo sọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yè bọ́ àti àwọn ìdílé tí ọmọ wọn kú kò fara mọ́ ọn. Ilé ẹjọ́ bá yan dókítà méjì mìíràn, àwọn yẹn sì ní orí rẹ̀ pé. Ìgbẹ́jọ́ gba ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ní 2012. Ọkùnrin náà pàápàá ní kí wọ́n má pe òun ní wèrè, pé ó sàn kóun kú ju kí wọ́n gbé òun lọ sí ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ló wá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù.

Nínú ìgbẹ́jọ́ yẹn ni wọ́n ti pe àwọn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ka ìwé àwọn ẹgbẹ́ tó kórìíra àlejò. Ẹ̀rí tí wọ́n jẹ́ ló tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ fún mi. Wọ́n ní àwọn ọ̀rọ̀ tó ya dókítà lẹ́nu yẹn kò ṣàjèjì sí àwọn. Pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ogun ń lọ, wọ́n ń gbapò wa, olóṣèlú ti tà wá. Púpọ̀ nínú ìwé tó tò jọ yẹn, ẹlòmíràn ló kọ ọ́, òun kàn dà á kọ ni.

Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rí, tó bá ká àgbàlagbà kan mọ́ ibi tó ti dá wà tó ń pe ọfọ̀, yóò ní orí rẹ̀ ti yí. Ọmọ ilé náà mọ̀ pé ohun tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ ló ń kà. Bí ọ̀rọ̀ àwọn dókítà àkọ́kọ́ yẹn ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyí. Wọn kò mọ ilé tó ti jáde.

Ní 24 oṣù Kẹjọ 2012, àwọn adájọ́ márààrún fi ẹnu kò pé orí rẹ̀ pé. Èrò tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń rò, bó ti wù kó burú tó, wọn kò lè torí rẹ̀ pe ẹnì kan ní aláìsàn. Wọ́n rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 21 tí wọ́n lè máa fi kún títí tí wọn yóò fi gbà pé kò léwu mọ́. (Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa á ní ọdún 21 ti kéré jù. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan, ṣùgbọ́n àfikún yẹn ni kókó. Ó bẹ̀bẹ̀ ní 2022 pé kí wọ́n tú òun sílẹ̀, ó sì na ọwọ́ ìkíni Hitler sókè nínú ilé ẹjọ́ tó ti ń bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní kó padà síbi tó ti wá.)

Yorùbá ní wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún wa láti pe irú èèyàn yìí ní wèrè: wèrè kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni. Bá a bá ti pè é bẹ́ẹ̀, a ti wẹ ọwọ́ wa nù. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ, kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún un, kò sí gúrúùpù tó wà. Ìdájọ́ Oslo kò jẹ́ kí orílẹ̀-èdè náà rí ibẹ̀ sá sí.

"Ṣé èmi ní kí wọ́n pa èèyàn ni?"

Mo lọ kí Bàbá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Bàbá ní bọ̀hóòlù, ó sì fa ẹ̀rọ omi kan jáde sí ìta fẹ́ǹsì fún gbogbo àdúgbò, kì í gba owó. Mo bá ìlà garawa níbẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan wà níwájú, ọmọ "àwọn èèyàn yìí," aṣọ ilé ìwé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Omi ń ta sí i lára. Bàbá dìde lórí àga rẹ̀, ó fi rọ́bà bọ ẹnu ẹ̀rọ, ó ki orí kejì bọ inú garawa kí omi má baà rin aṣọ ọmọ náà. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní "Ẹ ṣé, Bàbá." Bàbá ní "Rọra gbé e o, ọmọ mi."

Mo jókòó. Mo ní, "Bàbá, mo gbọ́ fọ́ìsì yín, sà."

"Ẹn-ẹ́n. Ṣé irọ́ ni mo pa?"

"Ta ló sọ fún yín, sà, pé ọmọ ni wọ́n fi ń jagun?"

"Wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ni. Ta ni kò mọ̀?"

Mo wá sọ ìtàn Utøya fún un, láti orí bọ́m̀bù títí dé orí ọkọ̀ ojú omi. Bàbá gbọ́ ọ dópin. Ó mi orí, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú rẹ̀. Ó wá ní, "Wèrè ni ìyẹn, jàre. Ṣé èmi ní kí wọ́n pa èèyàn ni?"

Rárá, Bàbá kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un pé mo mọ̀. Ọ̀kan lára àwọn oníbúlọ́ọ̀gù tí apànìyàn yẹn da ọ̀rọ̀ wọn kọ jù náà sọ ohun kan náà ní 2011: òun kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ ìpànìyàn. Òótọ́ ni, kò rán an, kò sì sí òfin tó yẹ kó fi èyí gbé e. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti ní ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni níí bá. Ẹni tó sọ òkò lè má ní ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Òkò náà kò ní torí ìyẹn dúró sójú sánmà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tú gbólóhùn Bàbá wò. "Ọmọ ni wọ́n fi ń jagun." Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Bí ọmọ bá ti di ohun ìjà, ọmọ kò sí mọ́. Ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ délẹ̀délẹ̀ lè wo ọmọ ọdún 14 tó bẹ́ sínú omi tútù, tó ń gbọ̀n, kó sì sọ pé ọmọ ogun lòún rí. Ohun tí ọkùnrin náà sọ ní kóòtù nìyẹn: kò kà wọ́n sí ọmọdé aláìmọ̀kan, ó ní ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú ni wọ́n, pé àwọn ni wọn yóò máa ṣèjọba lọ́la. Bàbá kò gba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ gbọ́ dé ibẹ̀ yẹn. Rọ́bà tó ki bọ garawa jẹ́rìí sí i. Àmọ́ fọ́ìsì kò gbé rọ́bà dání. Ó ń lọ láti fóònù dé fóònù, ó ń dé etí ọmọkùnrin tí kò mọ Bàbá, tí kò rí ẹ̀rọ omi rẹ̀ rí, tí kò ní iṣẹ́, tí inú ń bí, tó kàn gbọ́ pé àgbà kan ní Ìlọrin ní ogun ti ń lọ.

A ti rí díẹ̀ nínú rẹ̀ nílé wa. Ní 2021, nígbà tí ọ̀rọ̀ híjáàbù dé àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ìjọ Kristẹni dá sílẹ̀ ní Ìlọrin, ìjọba ìpínlẹ̀ ní láti ti ilé ẹ̀kọ́ mẹ́wàá pa. Òkò fò lójú títì. Nígbà tó di oṣù Kejì 2022, ó dé Ìjàgbó lẹ́bàá Ọ̀fà. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, àwọn èèyàn farapa, ẹnì kan sì kú. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ gidi wà níbẹ̀. Ta ló ni ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń sanwó oṣù níbẹ̀? Kí ni ẹ̀tọ́ ọmọbìnrin tó fẹ́ borí? Ọ̀rọ̀ tó ṣé e jókòó sọ ni, tó ṣé e gbé lọ sí kóòtù, wọ́n sì ti gbé e lọ. Ohun tó ń gbé òkò lé èèyàn lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ kejì tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: wọ́n fẹ́ gba ìlú lọ́wọ́ wa. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó lọ sí mọ́sálásí lọ́dún yẹn. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú ilé kan náà nígbà mìíràn, torí Kúwárà ni ibí, ta ni kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní apá kejì?

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù fún ìlú rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ká sọ̀rọ̀ ilẹ̀ bí ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ bí ilé ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ ajínigbé bí ọ̀rọ̀ ajínigbé. Ká dárúkọ ẹni tó ṣe nǹkan, ká sì sọ ohun tó ṣe. Ìgbà tí a bá ti fi "wọ́n" rọ́pò orúkọ, tí a ka ọmọ inú oyún mọ́ ọ, a ti kúrò nínú ẹjọ́, a ti wọ ibòmíràn. Ìpolongo ìbò 2027 sì ń bọ̀. Àwọn olóṣèlú wa mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ yìí máa ń kó èrò jọ kíákíá ju ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà lọ. Ojú wa ni wọ́n ṣe máa sọ ọ́, àfáà àti pásítọ̀ á wà níjókòó, àwa náà á sì pàtẹ́wọ́.

Bàbá kò yọ fọ́ìsì rẹ̀ kúrò. Ó sọ fún mi pé òun á ronú sí i, a sì jọ sọ̀rọ̀ nǹkan mìíràn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àwọn tó yè bọ́

Ohun kan wà nínú ìgbẹ́jọ́ Oslo tó wú mi lórí púpọ̀. Wọ́n ka ìwé àyẹ̀wò òkú gbogbo èèyàn 77 ní kóòtù, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbé àwòrán olóògbé sókè, agbẹjọ́rò á sọ díẹ̀ nípa ẹni tó jẹ́: ohun tó fẹ́ràn, ohun tó fẹ́ dà. Ọkùnrin tó ní ọmọ ogun ni wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n ń sọ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan pé ọmọ èèyàn ni.

Ohun tó wá ṣe ní Utøya, ohun tó kọ sílẹ̀, ni pé kó fa irúgbìn ẹgbẹ́ náà tu, kí ó má sí ẹni tí yóò gbé èrò wọn lọ síwájú. Mo lọ wá ibi tí àwọn tó yè bọ́ dé. Ní oṣù Kẹjọ 2015, àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ náà padà sí erékùṣù yẹn, wọ́n pàgọ́, wọ́n jiyàn òṣèlú bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ gba ìjọba ní 2021, méjì nínú àwọn tó sá àsálà ní Utøya, Tonje Brenna àti Jan Christian Vestre, di mínísítà: ọ̀kan fún ètò ẹ̀kọ́, èkejì fún òwò.

Ẹnì kan tún wà, Khamshajiny Gunaratnam, Kamzy ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Tamil ni, Sri Lanka ni wọ́n bí i sí, àwọn òbí rẹ̀ sì gbé e wá sí Nọ́ọ̀wè nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó wà ní Utøya lọ́jọ́ náà, ó lúwẹ̀ẹ́ nínú omi yẹn títí tó fi yọ. Ní 2015, ó di igbákejì olórí ìlú Oslo. Ní 2021, wọ́n dìbò yàn án sí ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tí apànìyàn náà ní kò yẹ kó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Nọ́ọ̀wè rárá ló wá bá wọn ṣòfin ìlú.